Ẹ̀yin Tí Ẹ Bi Mí Pé: Kí Ni Pásítọ̀ Ń Wá Lórí Òkè Òrìṣà?

  Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Ẹni tó bá gbé omi sórí iná, kó kọ́kọ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná.

Láti ìgbà tí mo ti gbé àwòrán òkè yẹn síbí ni ìbéèrè ti ń wọlé. Àwọn kan bi mí ní gbangba, àwọn mìíràn bi mí ní kọ̀rọ̀. Ìyá kan nínú ìjọ kọ ọ́ báyìí pé: "Dádì, ère màlúù wo la rí lẹ́yìn yín yìí? Kí ni Pásítọ̀ ń wá lórí òkè òrìṣà?" Ìbéèrè gidi ni, mo sì dúpẹ́ pé ẹ bi mí dípò kí ẹ máa sọ ọ́ lẹ́yìn mi. Mi ò lọ bọ ohunkóhun. Mi ò sì ṣìnà débẹ̀. Mo mọ ibi tí mò ń lọ kí n tó gbéra. Ẹ jẹ́ n sọ ìdí rẹ̀ fún yín, nítorí ó kan ẹ̀yin tí ọmọ yín wà nílùú òkèèrè.

Ẹ rántí pé a gbàdúrà fún ìyá ìjọ wa kan tó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ní Bengaluru, ní gúúsù Íńdíà. Èmi ni mo bá wọn lọ. Ọlọ́run ṣe é, iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Nígbà tí ara wọn balẹ̀, tí ọmọ wọn obìnrin sì ti dé láti dúró tì wọ́n, ọjọ́ mẹ́rin ṣẹ́kù fún mi kí n tó padà sílé. Ìgbà yẹn ni arábìnrin kan pè mí láti ilé: "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọjú sí ọmọ mi ní Mysuru. Ohùn rẹ̀ kò dùn mọ́ mi létí." Láti Bengaluru sí Mysuru kò ju nǹkan bí kìlómítà 145 lọ. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo sì débẹ̀ kí oòrùn tó mú.

Ẹ̀yin òbí, ohun tí mo bá níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ọmọ náà ti rù. Kò ṣàìsàn, owó ò sì wọ́n ọn. Ẹ̀rù ló ń bà á. Kó tó kúrò nílé, ẹnì kan ti sọ fún un pé bó bá jẹun lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀, bó bá wọ ilé wọn, bó bá gba ibi tí wọ́n ti ń lu agogo fún òrìṣà kọjá, nǹkan á tẹ̀ lé e. Ó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ tọkàntọkàn. Láti yàrá sí kíláàsì, láti kíláàsì sí yàrá, odindi oṣù mẹ́jọ. Búrẹ́dì àti indomie ló ń jẹ. Àwọn tí wọ́n jọ ń kàwé pè é títí ó fi sú wọn. Ìpè kan ṣoṣo ló kù: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè fẹ́ gun Òkè Chamundi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, amọ̀nà kan á sì mú wọn lọ. Ó ti ní òun ò lọ.

Ó bi mí pé: "Dádì, bí wọ́n bá tún pè mí, kí ni kí n sọ?"

Mo ní: "Sọ fún wọn pé àwa méjì là ń bọ̀."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a ṣí Bíbélì. A ka Kọ́ríńtì Kìn-ín-ní orí kẹjọ àti orí kẹwàá. Ẹ lọ kà á fúnra yín. Pọ́ọ̀lù sọ níbẹ̀ pé ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà, kí o jẹ ẹ́, má ṣe tọ pinpin rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá sọ fún ọ lójú pé a ti fi èyí rúbọ sí òrìṣà, má ṣe jẹ ẹ́, nítorí ẹ̀rí ọkàn ẹni tó sọ fún ọ. A pinnu ibi tí ẹsẹ̀ wa máa dé àti ibi tó máa dúró. A óò gun òkè náà. A ò ní wọ inú ilé òrìṣà. A ò ní gba ohun tó bá ti inú rẹ̀ jáde sẹ́nu. Ohun tí wọ́n bá ń tà lójú ọ̀nà, a óò rà á, a óò jẹ ẹ́. A gbàdúrà, a sùn.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé òkè náà díẹ̀. Òkè Chamundi wà létí ìlú Mysuru, ó sì ga tó nǹkan bí mítà 1,000 sí ojú òkun. Chamundi ni orúkọ òrìṣà obìnrin tí ìdílé ọba wọn, àwọn Wodeyar, ń bọ láti ìran dé ìran. Wọ́n ní òun ló pa ẹ̀mí èṣù kan tó máa ń di ẹfọ̀n, Mahishasura, orúkọ ẹ̀mí èṣù yẹn ni wọ́n sì fi ń pe ìlú náà. Lọ́dọọdún, nígbà ọdún Dasara tó máa ń gba ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n á gbé ère òrìṣà náà gun erin, wọ́n á sì gbé e yíde nínú ìlú. Àtẹ̀gùn òkúta tó lé ní 1,000 ló lọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni wọ́n tò ó, láyé ọba Dodda Devaraja Wodeyar. Ọkọ̀ náà ń gun òkè yẹn, ọ̀nà ọ̀dà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ́, ẹsẹ̀ ló fi ń gùn ún, ẹlòmíràn kì í wọ bàtà. Ẹ̀yin tí ẹ ti gun Olúmọ l'Ábẹ́òkúta tàbí òkè Ìdánrè, ẹ mọ bí itan ṣe máa ń gbọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gun orí òkè àdúrà lóru, ẹ mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ la bẹ̀rẹ̀. Àwa mẹ́tàlá ni. Àwọn ọmọ Kẹ́ńyà wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Tanzania, ọmọ Yemen méjì tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, àti àwọn ọmọ Íńdíà tí wọ́n wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn. Amọ̀nà wa jẹ́ ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ka òfin fún wa nísàlẹ̀ òkè: ẹ má da ọ̀rá sílẹ̀, ẹ má fún ọ̀bọ ní oúnjẹ, ẹ di fóònù yín mú kí ọ̀bọ má já a gbà. Ibi tí ẹ bá ti rí i pé àwọn èèyàn ń bọ́ bàtà, ẹ bọ́ tiyín tàbí kí ẹ dúró síta. Ó ní ẹni tí kò bá fẹ́ wọlé, kó sọ fún òun, kò sí ìjà níbẹ̀. Mo wo ọmọ wa lójú. Oṣù mẹ́jọ ló ti ń sá fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò fipá mú un ṣe.

A ò tíì gun ọgọ́rùn-ún àtẹ̀gùn tí a fi bá màmá kan lójú ọ̀nà. Wọ́n á ti tó ẹni àádọ́rin ọdún. Wọn ò wọ bàtà. Wọ́n gbé agbọ̀n kékeré kan lọ́wọ́, ìyẹ̀fun méjì sì wà nínú rẹ̀: ọ̀kan pọ́n bí osùn, ìkejì jẹ́ ata ilẹ̀ pupa tí a lọ̀ kúnná. Lórí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi ìka tọ́ méjèèjì sí òkúta, wọ́n á na ẹ̀yìn díẹ̀, wọ́n á bọ́ sórí èyí tó kàn. Àtẹ̀gùn tó lé ní 1,000! Mo bi amọ̀nà wa pé kí ló dé. Ó bá wọn sọ̀rọ̀, ó ní ẹ̀jẹ́ ni. Ọmọ-ọmọ wọn ṣàìsàn lọ́dún tó kọjá, wọ́n sì ṣèlérí pé bó bá yè, àwọn á fi ọwọ́ kan gbogbo àtẹ̀gùn òkè náà. Ọmọ náà yè.

Mo mọ ohun tí ẹ̀ ń sọ nínú ọkàn yín. Èmi náà mọ Ẹni tó ń wo aláìsàn sàn. Mi ò gbà pé òrìṣà ló wo ọmọ yẹn sàn, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo rí eékún màmá yẹn, ìyá tó bí mi ni mo rántí. Àwọn náà fi ẹsẹ̀ lásán gun orí òkè àdúrà nítorí mi nígbà tí igbóná ara fẹ́ẹ̀ pa mí lọ́mọdé. Ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n lọ yàtọ̀. Ìfẹ́ ọmọ kò yàtọ̀. Ẹni tó bá fi ìyá àgbà yẹn ṣe ẹlẹ́yà, mi ò rò pé Jésù á bá a rẹ́rìn-ín.

Ìsàlẹ̀ òkè yẹn ló le jù. Nígbà tó yá, eékún màmá kọ̀, wọ́n jókòó wọ̀ọ̀. Àwọn èèyàn ń kọjá lọ. Ọmọ wa yìí ló sún mọ́ wọn jù. Wọ́n nawọ́ sí i, wọ́n ní: "Maga."

Ó yíjú sí mi kíá: "Dádì, mágà ni wọ́n pè mí?"

Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ Yahoo. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ gbé mi ṣubú. Amọ̀nà wa ní lédè Kannada, tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, ọmọkùnrin ni "maga" túmọ̀ sí. Ọmọ ni wọ́n ń pè é.

Ara ọmọ náà wálẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì nawọ́. Ó ń wò mí. Mo ka ohun tó wà lójú rẹ̀: ilé òrìṣà ni màmá yìí ń lọ. Bí mo bá fà wọ́n dé ibẹ̀, ṣé mi ò ti bá wọn bọ ọ́ báyìí?

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè yẹn ti pẹ́. Náámánì ti gbé e síwájú Èlíṣà nínú Àwọn Ọba Kejì orí karùn-ún. Ara Náámánì ti dá, ó sì ti sọ pé òun ò ní sin ọlọ́run mìíràn mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ọba máa ń fara ti apá rẹ̀ nígbà tó bá ń wọ ilé Rímónì. Kí ló fẹ́ fi apá yẹn ṣe? Èlíṣà kò fi í gégùn-ún, kò sì ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àlàáfíà ló fi rán an lọ sílé.

Mo sọ fún ọmọ náà pé: "Apá rẹ ni wọ́n ń bèèrè, wọn ò bèèrè orúnkún rẹ. Fún wọn ní apá."

Ó fún wọn. Ó fi apá gbé wọn dìde, wọ́n fara tì í, wọ́n sì ń gùn ún lọ díẹ̀díẹ̀. Ní àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan á dúró, màmá á bẹ̀rẹ̀ ṣe tiwọn, òun á kàn máa dúró ni, ojú rẹ̀ á wà lọ́nà. Kò fọwọ́ kan agbọ̀n wọn. Wọn ò sì ní kó gbé e.

Nígbà tí a ti gun ju ìdajì lọ dáadáa, a kan ère màlúù tí ẹ rí nínú àwòrán. Nandi ni wọ́n ń pè é. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù gbà pé òun ni òrìṣà wọn tó ń jẹ́ Shiva máa ń gùn. Òkúta kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́, gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 15, gígùn rẹ̀ tó 24, ó dúdú, ó ń dán. Mo dúró, mo wò ó dáadáa, mo sì ní kí wọ́n yà mí. Pọ́ọ̀lù náà rìn yí Áténì ká, ó wo gbogbo ohun tí wọ́n ń bọ. Ó dùn ún dọ́kàn, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹtàdínlógún sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ kò bú wọn. Ohun tó rí níbẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀ ìwàásù rẹ̀. Bí o bá dijú, kí lo fẹ́ bá wọn sọ?

Wọ́n ń ta omi ìrèké nítòsí ibẹ̀. Mo rà á fún àwa méjì, mo mu tèmi tán. Ọmọ náà wo ife rẹ̀ títí, ó gbàdúrà sí i, ó mu ún, ó ní kí n ra òmíràn. Ọmọbìnrin Kẹ́ńyà kan rí i tó dijú gbàdúrà. Ó bi í pé: "Ṣé àtúnbí ni ẹ́?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọbìnrin náà pariwo: "Kí ló dé tí a kì í rí ẹ? A máa ń pàdé fún àdúrà ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ẹtì!" Nígbà tó sọ ibẹ̀, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ilé tí ọmọ wa ń gbé.

Ẹ gbọ́ o. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Oṣù mẹ́jọ ni ọmọ yìí fi ń dá nìkan gbàdúrà, tó ń sunkún, tí àwọn ará rẹ̀ nínú Kristi sì ń kọrin ládùúgbò kan náà. Ìbẹ̀rù òrìṣà ni kò jẹ́ kó mọ̀. Mo jókòó sórí òkúta, mi ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

A dé orí òkè. Ère Mahishasura dúró níbẹ̀, gàgàrà, ó mú idà lọ́wọ́ kan, ó mú ejò lọ́wọ́ kejì. Ilé òrìṣà náà wà níwájú, ilé ìṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní àgbékà méje. Agogo ń dún, èrò tò lọ bẹẹrẹ. Màmá wọlé. Àwa méjì, àwọn ọmọ Yemen àti àwọn ọmọ Kẹ́ńyà dúró síta. Amọ̀nà wa ń fi ìlú hàn wá láti òkè: ààfin ọba lápá kan, níhìn-ín adágún omi. Ó nawọ́ sí apá ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Saint Philomena wà, tí ṣóńṣó orí rẹ̀ méjì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 175. Ó ní ọba wọn, Krishnaraja Wodeyar Kẹrin, ló fi ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn lélẹ̀ lọ́dún 1933. Ọba tí ìdílé rẹ̀ ń bọ Chamundi! Mo ní kí ọmọ wa wò ó dáadáa. Ìlú tó ti ń bẹ̀rù látọjọ́ yìí, orúkọ Jésù ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀.

Màmá jáde, ojú wọn ń dán. Wọ́n wá ọmọ wa kàn tààrà. Wọ́n di nǹkan sínú ewé, wọ́n na án sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Prasada ni wọ́n ń pè é, oúnjẹ tí wọ́n ti gbé síwájú òrìṣà tí wọ́n sì gbé jáde fún àwọn èèyàn láti jẹ. Lójú tiwọn, kò sí ẹ̀bùn tó jù ú lọ.

Mi ò dá sí i. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tó máa sọ. Ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ bí wọ́n ti ń ṣe, ó tẹrí ba fún màmá, ó ní kí amọ̀nà bá òun túmọ̀ rẹ̀: "Màmá, ẹ ṣé. Jésù ni mò ń sìn. Mi kì í jẹ ohun tí wọ́n bá ti gbé síwájú òrìṣà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

Amọ̀nà dákẹ́ díẹ̀, ó wá túmọ̀ rẹ̀. Màmá wo ọmọ náà láti òkè délẹ̀. Àyà mi ń já. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní: "Èmi náà ní ọjọ́ tí mi kì í jẹun. Mo mọ bí ẹ̀jẹ́ ṣe ń rí." Wọ́n tọwọ́ bọ báàgì wọn, wọ́n fa ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́ta yọ, wọ́n ní: "Ọjà ni mo ti ra èyí láàárọ̀. Kò dé iwájú òrìṣà." Ọmọ wa gbà á lọ́wọ́ wọn, ó jẹ ẹ́ lójú wọn. Ó dúpẹ́, wọ́n fọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́, wọ́n lọ.

Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀, amọ̀nà sún mọ́ mi. Ó ní òun ti rí àlejò tó gba prasada tẹ̀rín-tẹ̀rín, tó sì jù ú sínú kòtò nígbà tó yí kọ́nà. Ó ní ẹnì kan tu itọ́ sílẹ̀ lójú ẹni tó fún un. Ó ní èyí tó kọ̀ ọ́ tó sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tó fún un kò wọ́pọ̀. Ó wá bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta nípa Jésù. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ó gbàgbọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo dáhùn ohun tó bi mí, ó gbọ́ ọ.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé àwòrán yẹn lè mú aláìlera kọsẹ̀. Òótọ́ ni, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí. Bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú òrìṣà bíbọ, tí ìlù wọn ṣì ń fà ọ́, má gun irú òkè bẹ́ẹ̀. Dúró sílé, kò sí ẹni tó máa dá ọ lẹ́bi. Ẹsẹ̀ gbogbo wa kò lágbára bákan náà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ mi. Bí ẹ bá ń di ẹrù fún ọmọ tó ń lọ sí òkèèrè, ẹ má fi ìbẹ̀rù kún un. Ẹ kọ́ ọ ní Ẹni tó gbà gbọ́. Ọmọ tó mọ Ẹni tó gbà gbọ́ á mọ ohun tó yẹ kó kọ̀. Èyí tó mọ kìkì ohun tó ń bẹ̀rù, gbogbo nǹkan ló máa kọ̀, títí kan ẹni tí Ọlọ́run rán sí i. Dáníẹ́lì kọ oúnjẹ ọba ní Bábílónì, ṣùgbọ́n ẹ lọ wo bó ṣe sọ ọ́: ó tọrọ ni, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàwé wọn, ó ṣiṣẹ́ ní ààfin wọn, orúnkún rẹ̀ sì wà fún Ọlọ́run nìkan.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ pinnu ibi tí ẹsẹ̀ yín máa dúró kí ẹ tó kúrò nísàlẹ̀ òkè. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó dé ẹnu ọ̀nà kó tó ronú, èrò á tì í wọlé. Bí ẹ bá sì fẹ́ kọ nǹkan, ẹ fi ẹnu kọ̀ ọ́, ẹ má fi imú kọ̀ ọ́.

Mo bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ lánàá. Ó ti ń lọ sí àdúrà ọjọ́ Ẹtì. Ìyá rẹ̀ ní ohùn rẹ̀ ti dùn.

Olúwa, pa àwọn ọmọ wa mọ́ níbi gbogbo tí wọ́n wà. Níbi tí wọ́n ti dá nìkan wà, fi ará hàn wọ́n. Níbi tí wọ́n ti ní láti kọ̀, fi ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ sí wọn lẹ́nu. Kí apá wọn máa ran èèyàn lọ́wọ́, kí orúnkún wọn má sì wólẹ̀ fún ẹlòmíràn láé. Ní orúkọ Jésù.

Bí o bá ní ọmọ, àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ tó ń dá gbé nílẹ̀ òkèèrè, kọ orúkọ ìlú tó wà sísàlẹ̀ ibí. Má kọ orúkọ rẹ̀, orúkọ ìlú tó. A óò máa dárúkọ àwọn ìlú náà nínú àdúrà ọjọ́ Ọjọ́rú. Lẹ́yìn náà, pè é lónìí. Bi í pé kí ló jẹ, bi í pé ta ni wọ́n jọ ń rìn. Tẹ́tí sí ohùn rẹ̀.